Èémí Tí Wọ́n Yá Ìdòwú

Ènìyàn mẹ́rìnlá ló wọ aṣọ dúdú náà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mẹ́tàlá ló mí nínú wọn.

Fúnmilọ́lá kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò létí pápá ìṣeré kan ní àdúgbò Adankolo, ní Lọ́kọ́jà, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo àwọn ìlà tó ń rìn kọjá lójú ẹ̀rọ náà. Ìlà kan wà fún orúnkún ọ̀tún, òmíràn fún tòsì, òmíràn fún ọrùn ẹsẹ̀, títí dé èyí tó kẹ́yìn, ìyẹn ìlà àyà. Lára àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù, ìlà àyà yìí ń gòkè, ó ń sọ̀, bí omi odò nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Nígbà tó kan Ìdòwú, ẹni kẹrìnlá, ìlà náà nà gbalaja. Ìdòwú sáré yí pápá ká nígbà mẹ́fà, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó fò, ó ṣubú, ó dìde. Ìlà àyà rẹ̀ kò mì rárá.

"Abdulrahman, ẹ̀rọ àyà yìí ti bàjẹ́ o."

Abdulrahman ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Owóró, ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó tú ìgbànú àyà náà kúrò lára Ìdòwú, ó dè é mọ́ tirẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlà náà gòkè, ó sọ̀, ó gòkè, ó sọ̀. Ó tú u, ó dá a padà sára Ìdòwú. Ìlà náà tún nà.

"This guy no dey tire," ni Abdulrahman wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Fúnmilọ́lá rí i pé ó ń fi ọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan tútù. Oòrùn Lọ́kọ́jà ń jó lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń ya píọ̀ wọ́tà dà sórí. Ìdòwú nìkan ló dúró nínú aṣọ dúdú yẹn, kò sí ẹ̀kán òógùn kan níwájú orí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe kékeré, Fúnmilọ́lá kò sì fi í pamọ́ fẹ́nikẹ́ni pé òun ń fi yangàn. Ọdún kẹfà rèé tí òun àti Abdulrahman ti ṣe géèmù bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n pè ní Ìpàdé Odò. Àdúgbò Kabawa ń gbá pẹ̀lú àdúgbò Otokiti nínú rẹ̀, Òkè Patí ń wò wọ́n látẹ̀yìn, ìyá ẹlẹ́ja kan sì wà létí pápá tó máa ń bú adájọ́ bí wọ́n bá fi fèrè jẹ Kabawa níyà. Àwọn ọmọ ìlú gba géèmù yẹn bí ẹni gba ọmọ tuntun. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ ayé ọjọ́sí kò lágbára, gbogbo ojú wọn dà bí iṣu tí wọ́n fi èékánná lu ihò méjì sí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tínú ń run.

Báyìí, ìran ẹ̀rọ géèmù tuntun ti dé. Iléeṣẹ́ ńlá kan lókè òkun sì ti kọ̀wé sí Fúnmilọ́lá pé bó bá lè tún Ìpàdé Odò ṣe kó bá ẹ̀rọ tuntun náà mu, àwọn yóò gbé e dé gbogbo ayé. Gbogbo ayé! Ọmọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yóò máa fi Otokiti gbá bọ́ọ̀lù. Fúnmilọ́lá ka lẹ́tà yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun kì í gba gbàrọgùdù. Ó fẹ́ rí òógùn lọ́rùn, ó fẹ́ rí koríko lára ìbọ̀sẹ̀, ó fẹ́ kí àyà agbábọ́ọ̀lù máa lọ sókè sódò bó bá sáré tó rẹ̀ ẹ́. Ohun tí ti àtijọ́ ń bò mọ́lẹ̀, tuntun ń tú u síta ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá aṣọ dúdú náà, tí ẹ̀rọ kéékèèké bíi bọ́tìnì lẹ̀ mọ́ káàkiri, kó lè kó ìrìn àti èémí ènìyàn gidi sínú kọ̀ǹpútà.

Ìdòwú sì ni ẹsẹ̀ géèmù yẹn. Fọ́kanáísà ni ní Otokiti, ó ń lẹ táyà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan létí títì. Láti ìgbà géèmù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń wo ìrìn rẹ̀ yà, nítorí ẹni tó bá rí i tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kì í lè wo ẹlòmíràn mọ́. Nọ́ńbà mọ́kànlá ló yàn fún ara rẹ̀ nígbà náà, kò gba òmíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn a máa gbọ́ Òkè-Ògùn lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní, "Ọ̀nà ibẹ̀ jìn," a sì tẹra mọ́ táyà rẹ̀. Kì í ya fọ́tò. Kì í sì í gbó. Fúnmilọ́lá ti hu ewú méjì láàárín ọdún mẹ́fà yẹn. Ìdòwú ṣì rí bí ọmọ ọdún méjìlélógún tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

"Ìdòwú, ìpara wo lò ń lò?" Fúnmilọ́lá a máa fi ṣe àwàdà.

"Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, Àǹtí," òun náà a dáhùn.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ àyà kọ̀ yìí, bí àwọn tó kù ti ń lọ, ó wá bá Fúnmilọ́lá lábẹ́ igi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gba ẹsẹ̀ mi. Ẹ gba gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ mi lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú mi sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Bí ojú mi bá jáde, tí ará ilé wa bá rí i, mi ò ní lè gbé Lọ́kọ́jà mọ́. Mo sì fẹ́ràn ibí."

Fúnmilọ́lá wò ó. Ó rò pé bóyá ó jà nílé ni, tàbí ó gbé ọmọ ọlọ́mọ sá. Kò bi í. "Mo gbọ́," ló wí. "Mi ò ní lo ojú rẹ."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Ẹyin lohùn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Ọ̀rọ̀ èémí kọ́ ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Abdulrahman ló yanjú ìyẹn. Ó de ìgbànú mọ́ àyà ara rẹ̀, ó sáré yí ọgbà ká títí ó fi ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó sì fi èémí náà sínú àyà Ìdòwú inú géèmù. "Mo yá a ni o," ló wí. "Lọ́jọ́ kan, kó dá a padà." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ojú ló kù. Wọ́n ya ojú kan tí kò sí lára ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé e lé ọrùn nọ́ńbà mọ́kànlá. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ara Fúnmilọ́lá bù máṣọ. Ẹsẹ̀ yẹn ń rẹ́rìn-ín, ojú kò mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ìbòjú lé ẹni tó ń jó. Wọ́n ya òmíràn, wọ́n ya ẹ̀kẹta. Iléeṣẹ́ òkè òkun kọ̀wé pé gbogbo iṣẹ́ ló dára, àfi nọ́ńbà mọ́kànlá. Kí wọ́n tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n yọ ọ́.

Kí wọ́n yọ ọ́ kẹ̀? Ìdòwú ni géèmù náà.

Ojú rẹ̀ tòótọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kámẹ́rà tí wọ́n gbé yí pápá ká ti gbà á pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n gbà á. Fúnmilọ́lá ṣí i wò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀: àpá kékeré lójú ìpéǹpéjú òsì, eyín tó ya sí méjì, ojú tó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun ayọ̀ kan fún ọ. Ó gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀ yẹn, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Omi lé sójú obìnrin náà. Ó dára ju ohunkóhun tó ti ṣe láyé lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣèlérí o," ni Abdulrahman wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó gba ìyìn," ni Fúnmilọ́lá dáhùn. "Ṣé kí ayé máa yin ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa wo ojú ẹlòmíràn? Màá bẹ̀ ẹ́. Yóò dùn mọ́ ọn bó bá rí i." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó dá lójú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ gún un díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí Ìdòwú nìkan lòun fi ń ṣe é.

Wọ́n ṣí géèmù náà fún aráyé ní ọ̀sán Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú. Èrò ti Kabawa wá, wọ́n ti Otokiti wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún orí àga méjì-méjì. Ògúnsànyà, bàbá Fúnmilọ́lá, tó ti Ìjẹ̀bú wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà tí kò sì padà mọ́, jókòó níwájú nínú agbádá funfun. Bàbá yìí kan náà ló ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó fi géèmù kọ́lé. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń na ìka sí ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá: "Èmi ni mo bí i. Ẹ wò ó dáadáa."

Nígbà tí wọ́n tan géèmù náà sára ògiri ńlá, tí Òkè Patí yọ, tí odò méjèèjì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ariwo sọ. Nígbà tí nọ́ńbà mọ́kànlá jáde, tí ojú rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn, gbogbo gbọ̀ngàn dìde: "Ìdòwú! Ìdòwú fọ́kanáísà!" Ó gbá góòlù wọlé. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún fa etí òsì ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lórí pápá gangan. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Fúnmilọ́lá nìkan ló ṣàkíyèsí pé èémí yẹn àti ẹsẹ̀ yẹn kò rìn pọ̀ dáadáa.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Ìdòwú lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú. Ó ń wo ògiri bí ọmọdé ṣe ń wo aṣọ ọdún.

"Ìdòwú, dárí jì mí," ni Fúnmilọ́lá wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ó dára púpọ̀. Bí ènìyàn bá rí ara rẹ̀ báyìí, níbo ni yóò ti rí ìbínú?" Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìsà. "Ṣùgbọ́n ẹ ti lé mi lọ nílùú. Kí wọ́n tó dé, màá ṣì máa lẹ táyà."

"Kí àwọn wo tó dé?"

Ó tún wo ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jáde sínú oòrùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, obìnrin àgbà kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ní Adankolo. Ó rù díẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó gbé àpò ọ̀rá dání. Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀ kí i, Abdulrahman bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Owóró, "Òkun o, Màmá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Ṣakí ni mo ti wá." Ó jókòó, ó mu omi tí wọ́n fún un. "Ọmọ Ràfíátù, ọmọ-ọmọ mi, ló ń wo fóònù níjọ́ Àìkú. Ó ní, 'Màmá, ẹ wá wo ẹni tó ń fa etí.' Mo bá lọ wò ó."

Ó gbé ife omi náà sílẹ̀.

"Lẹ́yìn Táyé àti Kẹ́yìn, mo bí ọmọkùnrin kan. Ọdún kẹrìnlá rèé, wọ́n yàn án sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ wa. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún un ní ẹ̀wù. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ gbá a. Ọkọ̀ náà kò dé Ìsẹ́yìn." Ó tú àpò ọ̀rá, ó yọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ká dáadáa. Ìlà tí wọ́n ká a sí ti di yẹ́lò. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ nà. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni. "Ọwọ́ mi báyìí ni mo fi gbé e fún àwọn àáfà. Mo rí i bí wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Inú àpò rẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀wù yìí, kò wọ̀ ọ́ rí."

Fúnmilọ́lá wo ẹ̀wù náà. Ìlà tó nà gbalaja lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í gbó, ọwọ́ tó tutù, gbogbo rẹ̀ wá jókòó pọ̀ sójú kan. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àkúdàáyà: ẹni tó kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tó wá lọ ń gbé níbi tí wọn kò mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kí ènìyàn, títí ojú ará ilé yóò fi kàn án. Fúnmilọ́lá ti gbọ́ ọ láti kékeré. Kò mọ̀ pé òun lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí ògiri fún gbogbo ayé wò.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Otokiti. Dírẹ́bà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, ó ń fi páálí fẹ́ ara. Ẹ̀rọ tí Ìdòwú fi ń fẹ́ táyà ń dún. Tíúùbù kan wà nínú ọpọ́n, omi ọṣẹ ṣì ń hó lára rẹ̀, àwọn èéhó náà ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dúró dè é," ni dírẹ́bà náà wí. "Now now ló lọ bu omi lẹ́yìn. Ó rí kẹ̀kẹ́ yín lókèèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀."

Ẹ̀yìn àtíbàbà kò ní ọ̀nà. Ògiri ni. Bàtà sílípáàsì rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ ògiri náà, wọ́n kọjú sí i, wọ́n dúró déédéé bíi bàtà ẹni tó wọ mọ́ṣáláṣí.

Fúnmilọ́lá bú sẹ́kún. "Màmá, èmi ni mo fà á. Ó bẹ̀ mí pé kí n má lo ojú òun. Mo ṣèlérí, mo sì yẹ̀ ẹ́. Ká ní mi ò fi ìgbéraga ṣe é ni, ì bá ṣì wà níbí."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó sílípáàsì náà, ó gbọn erùpẹ̀ wọn nù, ó kó wọn sínú àpò. "Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé mi ò ní bá a," ló wí jẹ́jẹ́. "Irú wọn kì í dúró de ará ilé."

"Kí lẹ wá ṣe nígbà náà, Màmá?"

"Mo wá wo bọ́ọ̀lù ni."

Wọ́n padà sí Adankolo. Abdulrahman gbé àga tó ní tìmùtìmù fún un, ó tan ẹ̀rọ géèmù tuntun náà, ó sì mú pádì dání. Otokiti kojú Kabawa. Ìyá tẹ́ ẹ̀wù náà sórí itan, ó na ọrùn síwájú. Nọ́ńbà mọ́kànlá gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó tan ẹnì kan jẹ, ó tan ẹnì kejì, ó gbá a lọ sókè àwọ̀n bí ẹni ń da omi nù. Ó kúnlẹ̀. Ó fa etí.

Ìyá Ìbejì fò sókè. Ìborùn rẹ̀ já bọ́, kò bìkítà.

"Ìdòwú! Èṣù lẹ́yìn ìbejì! Ọmọ mi!" Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. "Etí yẹn ni mo máa ń fà bó bá fi bọ́ọ̀lù ya ṣòkòtò iléèwé. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá gbá góòlù fún ìpínlẹ̀, òun yóò fà á fúnra òun, kí n lè mọ̀ pé èmi lòun ń kí. Ó kí mi! Ẹ rí i? Lójú gbogbo ayé!" Ó yíjú sí Fúnmilọ́lá, ó dì í mú léjìká méjèèjì. "Má sunkún mọ́. Ilẹ̀ gba ojú yẹn lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́rìnlá. Ìwọ lo bá mi gbà á padà. Orí mi wú, ọmọ yìí. Orí mi wú."

Orí Fúnmilọ́lá náà wú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún kò dá.

"Ẹ dá a dúró díẹ̀," ni ìyá wí. "Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀."

Abdulrahman tẹ bọ́tìnì. Géèmù dúró. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù dúró bí wọ́n ṣe wà, ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ìyá ẹlẹ́ja ya ẹnu sílẹ̀, odò pàápàá kò ṣàn mọ́.

Fúnmilọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ó rọra fa aṣọ Abdulrahman.

"Àyà rẹ̀," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èémí rẹ ṣì ń rìn. Géèmù ti dúró, kí ló dé tó ń rìn?"

Abdulrahman sún mọ́ ojú ẹ̀rọ náà. "Ọ̀gá mi, mo yọ èémí mi kúrò lára rẹ̀ lánàá. Kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n wò ó. Láàárín gbogbo ohun tó dúró gbagidi lórí pápá yẹn, àyà nọ́ńbà mọ́kànlá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀, jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó dé láti ọ̀nà jíjìn. Òógùn kan yọ lójú ìpéǹpéjú òsì rẹ̀, lẹ́bàá àpá yẹn, ó sì ṣàn dé àgbọ̀n.

Abdulrahman na ọwọ́ sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ náà. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú láìyí ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Ó ti sáré. Jẹ́ kó mí."